Bàtà Gogoro Lábẹ́ Aṣọ Funfun

Ìkòròdú,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Àǹtí Fúnmbí ní yìnyín kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Kánádà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ń gé ẹja yẹn, inú rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ. Ẹ rọra o. Ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹ ti pè mí títí. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wa ni. Ẹ má bínú pé n kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Dádì, mo wà nínú ìdíje orin "Ohùn Tuntun", èyí tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo kúrò ní abúlé, tí mo ní mò ń lọ kí Àǹtí Fúnmbí ní Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú níbí, òótọ́ ni mo lọ kí wọn. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń yan àwọn akọrin kò jìnnà sílé wọn, èrò tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, mo sì bá wọn tò. Orin tí èmi fúnra mi ṣe ni mo kọ. Wọ́n ní kí n tún un kọ. Báyìí, nínú gbogbo èrò yẹn, àwa mẹ́wàá la kù. Inú ilé kan náà ni wọ́n kó wa sí, ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n sì ń gbà wá láyè láti jókòó sídìí kọ̀mpútà wọn kọ̀wé sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n wọ aṣọ funfun kan fún mi tó balẹ̀ dé kókósẹ̀, wọ́n sì fún mi ní bàtà gogoro aláwọ̀ góòlù. Dádì, mo kọrin! Àwọn èèyàn dìde lórí ìjókòó. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ bú sẹ́kún. Ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ orin, mo ní nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, èyí tí bàbá mi dá sílẹ̀. Mo dárúkọ yín lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ gbàdúrà fún mi. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lọ́dọ̀ yín kí wọ́n dìbò fún mi.

Ọmọ yín,
Àyànfẹ́olúwa.


Kánádà,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Àyànfẹ́olúwa,

Mo rí ìwé rẹ. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le. Mo lè ní kí Fúnmbí wá ọ̀nà tí a ó fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ lọ́sẹ̀ yìí, èpè ló máa jáde lẹ́nu mi. Ìwé ló dára. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ tó burú, mo lè pa á rẹ́. Mo ti pa púpọ̀ rẹ́ kí n tó dé ibí yìí.

Kí ìwé rẹ tó dé ni mo ti rí fídíò náà. Olùṣọ́ Adétúnjí tó ń darí ìjọ wa ló fi ránṣẹ́ sí mi. Sútánà! Àyànfẹ́, o wọ sútánà, o sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà! Ta ni kò mọ̀ nínú ilé wa pé ẹni tó bá wọ aṣọ funfun, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹrẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀dà gbígbóná? Nígbà tí ìkarahun gún ọ lẹ́sẹ̀ lọ́nà ìjọ, ọmọ kékeré ni ọ́, ṣé a fún ọ ní bàtà? Màmá ló pọ̀n ọ́ délé. O wá gun orí pèpéle pẹ̀lú bàtà gogoro, o tún wá dárúkọ mi mọ́ ọn!

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ṣe fún Màmá? Ìyá mi tó tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣaláìsí. Àwọn alàgbà ní ọmọ tí Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ tọ́ ti fi aṣọ Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà kí ó dìde lórí àga Ìyá Ìjọ, títí di ọjọ́ tí ìwọ yóò kúrò nínú ìdíje náà, tí wàá sì wá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ. Ẹ̀yìn ni Màmá ń jókòó sí báyìí, pẹ̀lú àwọn àlejò. Bó bá gbé ẹja yíyan rẹ̀ dé Ọjà Olúwo, ṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kúrò níbẹ̀. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ní kí o kúrò. Kí n gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí pé o ti padà sí abúlé.

Bàbá rẹ,
Fọlọ́runṣọ́.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Dádì mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Nígbà tí mo ka ìwé yín, ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun, ìbínú ló tẹ̀lé e. Ẹkún náà ti tán. Ìbínú ló kù tí mo fi ń kọ èyí.

Aṣọ yẹn kì í ṣe sútánà. Télọ̀ kan ní Èkó ló rán an, ó fi síìpù sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ṣí èjìká rẹ̀ kan sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà sí i, ẹnikẹ́ni kò wọ́n omi mímọ́ sí i. Ṣé gbogbo ohun tó bá ti funfun tó sì gùn ti di ti ìjọ wa ni? Anwar, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí a jọ wà nínú ìdíje yìí, jalabíà funfun ló fi kọrin, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wọn ń dìbò fún un tọmọdé tàgbà. Èmi, àwọn ará ìjọ mi ń lé ìyá àgbà mi dìde.

Ọ̀rọ̀ Màmá dùn mí wọ eegun. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbé wọn dìde lórí àga. Àwọn tó gbé wọn dìde ní orúkọ, ẹ sì mọ̀ wọ́n. Ta ló ń fọ sútánà Olùṣọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìwòsàn? Ta ló ń se oúnjẹ fún àwọn alàgbà ní gbogbo ọjọ́ ìkórè? Wọ́n rí bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìyẹn sì di ìgbàgbé. Ẹ̀yin náà, Dádì, kí n má rí yín fín o, ẹ sọ fún mi pé ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé Màmá dìde nítorí pé ọmọ wọn ọkùnrin ń gé ẹja lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹ ní kí n kúrò. N kò ní kúrò. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní kúrò. Láti kékeré, bí àlejò bá ti dé, ẹ ó ní, "Àyànfẹ́, wá kọrin fún wọn." Ìgbà tí gbogbo Nàìjíríà wá di àlejò, ẹ ní kí n panu mọ́!

Àwa mẹ́jọ la kù.

Ọmọ yín tí kò gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí,
Àyànfẹ́olúwa.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Dádì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo jókòó sídìí kọ̀mpútà títí tí ẹni tó kàn fi lé mi dìde. N kò rí ìwé kankan. Lónìí náà, n kò rí nǹkan kan.

Bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Àwa márùn-ún la kù. Wọ́n ti gbé orin mi jáde, "Omi Ò Gbé Mi Lọ" ni wọ́n pè é. Àǹtí Fúnmbí ní kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í ti í kọ ọ́ ní ibùdókọ̀ Benson, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe títí dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń yan àgbàdo. Bí ó ṣe lọ rèé:

Ẹ má bi mí ọ̀nà tí mo gbà,
Ẹ wo ibi tí mo dúró sí.
Omi ló gbé mi dé o,
Omi ò gbé mi lọ.

Orin ilé wa ni, Dádì. Ọ̀rọ̀ àwa ọmọ Ìlàjẹ tí a wá jókòó sétí ọ̀sà àwọn ẹlòmíràn ni mo fi kọrin. N kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bú mi. Ẹ ṣẹ́ èpè tí ẹ ń pa rẹ́ yẹn pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́ sí mi, nítorí kí n tó gorí pèpéle, ẹ̀yin ni mo máa ń rò.

Àyànfẹ́olúwa.


Kánádà,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, 2025.

Àyànfẹ́olúwa,

N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá ní kí bàbá òun wo iṣẹ́ tí bàbá náà ń ṣe lọ́jọ́ ìsinmi kò fi ọ̀rọ̀ kankan kù sílẹ̀ mọ́.

Mo ti bá Màmá sọ̀rọ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ó máa wá sí Ìkòròdú wá mú ọ. Bí o bá lè kọ̀ fún mi nítorí pé omi òkun wà láàárín wa, jẹ́ kí n wò ó bóyá o lè kọ̀ fún ẹni tó pọ̀n ọ́. Kó ẹrù rẹ sílẹ̀ dè é.

Fọlọ́runṣọ́.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Dádì mi,

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Ẹ ní ìyá yín ń bọ̀ wá mú mi. Wọ́n dé lóòótọ́. Ẹ fìdí balẹ̀ kí n ròyìn fún yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, a wà lẹ́yìn pèpéle. Anwar ti kọrin tirẹ̀ tán, èmi ni wọn yóò pè lẹ́yìn ìpolówó. Ṣòkòtò jíìnsì àti bùbá àdìrẹ ni mo wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ti ki bàtà góòlù yẹn sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń dìbò ti fi dá mi mọ̀. Anwar ló lọ gba atẹ́gùn lójú fèrèsé, tó sì sáré padà wá bá mi. Ó ní, "Àyànfẹ́, ìyá arúgbó kan wà ní géètì o. Ó wọ sútánà, kò wọ bàtà, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó jọ ẹ́."

N kò mọ ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀. Màmá ni! Sútánà wọn funfun láú, wọ́n de fìlà wọn, wọ́n so àmùrè búlúù mọ́ ìdí. Àǹtí Fúnmbí tó lọ pàdé wọn ní Benson dúró tì wọ́n, ó ń bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fa ọ̀rọ̀. Màmá kọ̀ láti gun ọ̀kadà pẹ̀lú aṣọ yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi rin ọ̀dà láti Benson títí dé gbọ̀ngàn. Eruku ti bo ẹsẹ̀ wọn, ìka kan sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti lọ yá sílípáàsì wá, ó sì ń bẹ̀ wọ́n.

"Mama, abeg, no vex. Nobody dey enter without shoe. Just put am for leg, if you reach inside, make you comot am."

Màmá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mo wọ aṣọ mi ni. N kò lè wọ bàtà sí i."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ pé ata pọ̀ jù nínú ọbẹ̀.

Madam Yéwándé tó ń darí ètò náà ti sáré tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní wọ́n ti ń pe orúkọ mi, wọ́n ní òfin gbọ̀ngàn lòfin. Dádì, mo bọ́ bàtà góòlù náà níbẹ̀, mo kó méjèèjì lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Mà, ẹsẹ̀ èmi náà ti di lásán. Bí ẹlẹ́sẹ̀ lásán kò bá lè wọlé, a jẹ́ pé ibí la ó jọ dúró sí." Wọ́n wò mí. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kí ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì.

Bí a ti ń gòkè lọ, mo di ọwọ́ Màmá mú. Mo ní, "Màmá, ṣé kí n lọ kó ẹrù mi kí n tó kọrin ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ẹrù wo? Bàbá rẹ ní kí n wá mú ọ, mo ní mo ti gbọ́. Ṣé mo ní mo gbà ni? Gbogbo wọn ló ń bínú sí orin tí wọn ò jókòó gbọ́. Èmi wá gbọ́ ọ."

"Àwọn alàgbà ńkọ́, Màmá? Ẹ wọ sútánà wá síbi eré!"

"Àga ni wọ́n gbà. Wọn ò tíì gba aṣọ mi. Aṣọ tí mò ń wọ̀ síwájú Ọlọ́run, ṣé iwájú ọmọ mi ni n kò wá ní lè wọ̀ ọ́ dé?"

Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi kọrin. Pèpéle náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Adájọ́ kan ní, "Bàtà rẹ dà?" Mo ní, "Mo ní àlejò." Mo nawọ́ sí Màmá, gbogbo gbọ̀ngàn sì yíjú sẹ́yìn wò wọ́n. Màmá kò tilẹ̀ mira. Bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù ni wọ́n ṣe jókòó. Nígbà tí orin parí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mi orí.

Àwa mẹ́ta la kù, Dádì. Ìdíje àṣekágbá ni Sátidé tí yóò tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. Ìyá yín ti padà sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ yìí, wọn kò sì mú mi dání. Bí ẹ bá fẹ́ bínú báyìí, ẹ pín in sí méjì.

Àyànfẹ́olúwa.


Kánádà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹwàá, 2025.

Àyànfẹ́,

Ìyá mi tàn mí jẹ. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Mo ní kó wọkọ̀ lọ mú ọmọ wálé, ó wọkọ̀ lọ wòran. Mo pè é pé kí n bá a jà, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ fún òun bóyá mo ti jẹun.

Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀? Fúnmbí ní òun ti fọ ojú egbò náà. Ẹ mójú tó o, ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀.

Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní wo fídíò ọ̀hún. Mo wò ó. Yàrá tí a ti ń sinmi níbi iṣẹ́ ni mo ti wò ó. Ọ̀gá mi bi mí pé ta nìyẹn, mo ní ọmọ ẹnìkan ní abúlé wa ni. Mo padà sídìí ẹja mi. Mo fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i." Kò yé e ìdí tí mo fi ń pariwo.

Orin náà dára. N kò sọ pé bàtà dára o. Orin ni mo sọ.

Olùṣọ́ Adétúnjí pè mí lánàá. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá àga, àwọn fẹ́ gba sútánà lọ́wọ́ Màmá, kí ó má wọ̀ ọ́ mọ́ títí ìwọ yóò fi wá tọrọ àforíjì. Ó fẹ́ kí èmi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, fi ohùn sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Láti àná ni mo ti ń rò ó, oorun kò sì kùn mí.

Bàbá rẹ.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Dádì mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ orin mi. Mo ka ibi tí ẹ ti pariwo mọ́ ọ̀gá yín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi.

Ṣùgbọ́n n kò rò pé mo máa dé ìparí. Fídíò Màmá ní géètì ti tàn káàkiri, ìdí nìyí tí Madam Yéwándé fi pè mí. Wọ́n fẹ́ kí Màmá gun pèpéle ní àṣekágbá, pẹ̀lú sútánà àti ẹsẹ̀ lásán, kí èmi dúró tì wọ́n pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ́sí àti bàtà góòlù. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì máa wo ara wa bí ẹni tó ń jà, kí n sì wá bọ́ bàtà náà bí orin bá ń parí lọ. Wọ́n ní gbogbo ayé yóò sunkún.

Mo ní Màmá mi kì í ṣe ohun ìwòran. Mo ní wọ́n wọ aṣọ wọn nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́, kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní bí n kò bá ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, ìwé kan wà níbẹ̀ tí mo lè fọwọ́ sí, pé èmi fúnra mi ni mo yọwọ́. Wọ́n ń retí èsì ní ọjọ́rú.

Ó ti rẹ̀ mí, Dádì. Mo bá ẹ̀yin jà, mo bá ìjọ jà, mo wá ń bá àwọn wọ̀nyí náà jà. N kò ní ta Màmá, ìyẹn dájú. Mo ti pinnu láti fọwọ́ sí i kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní kí n kúrò, ohun tí ẹ fẹ́ ló ṣẹ yìí. Ẹ bá mi sọ fún Olùṣọ́ kó fi àga Màmá sílẹ̀ fún wọn.

Àyànfẹ́olúwa.


Kánádà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Àyànfẹ́olúwa, ọmọ mi,

Má fọwọ́ sí ìwé kankan.

Mo ti ní kí Fúnmbí wá dúró ní géètì yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ó ka èyí sí ọ létí bí wọn kò bá jẹ́ kí o dé ìdí kọ̀mpútà. Bí wọ́n bá lé e, kó kà á sókè láti ìta. Ohùn ìdílé wa kò kéré.

Nígbà tí bàbá bàbá mi gbé ọkọ̀ ojú omi ti etíkun Ìlàjẹ dé ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ní kó padà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá sọ fún un pé kó tú ahéré rẹ̀, kó máa lọ. Ó ní òun kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kí ahéré náà tú, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú u, òun kò ní bá wọn fa ọ̀pá kan yọ. Wọn kò tú u. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí.

Ìwọ náà, má bá ẹnikẹ́ni tú ilé rẹ. Sọ fún obìnrin náà pé Màmá yóò jókòó láàárín èrò pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, kò sì ní gun pèpéle ẹnikẹ́ni. Wọ ohun tó bá wù ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ, kí wọ́n lé ọ lójú gbogbo Nàìjíríà, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹnu wọn kò bá gbà á, kí wọ́n gbé máíkì fún ọ.

Mo ti fún Olùṣọ́ Adétúnjí lésì. Mo ní bí wọ́n bá máa bọ́ aṣọ lára ìyá mi, kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ tèmi, kí wọ́n sì yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin tí mo dá sílẹ̀. Ó ní òun yóò pè mí padà. Kò tíì pè. Màmá ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé ẹ̀yìn tí òun ń jókòó sí yẹn, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ dé ibẹ̀.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ Sátidé. Gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níhìn-ín la máa péjọ sí yàrá mi. Mo ti sọ fún wọn pé ọmọ mi ló máa kọrin.

Nígbà tí mo ní kí o kúrò, o kò gbọ́. Àyànfẹ́, jọ̀ọ́, má wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn nísinsìnyí.

Bàbá rẹ,
Fọlọ́runṣọ́.